Ọ̀rá Ara Ń Sọ̀rọ̀: Ẹ Má Pín Oògùn Àtọ̀gbẹ Lò

   

Ìbéèrè kan wọlé sí mi lẹ́yìn ìwé wa tó kọjá. Ìyá kan ní Iléṣà ló bi mí. Ìyá yìí àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Òṣogbo, àwọn méjèèjì ló ní àtọ̀gbẹ, èyí tí àwọn míì ń pè ní ìtọ̀ súgà. Dókítà fún ẹ̀gbọ́n ní Daonil, dókítà míì fún àbúrò ní metformin. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ti ń lo tirẹ̀ ló ti ń sanra sí i. Àbúrò kò sanra, kódà aṣọ rẹ̀ ti ń tú díẹ̀díẹ̀. Ni wọ́n bá gbìmọ̀ pé àwọn á pààrọ̀ oògùn fún oṣù kan, káwọn wò ó. Ìyá ní: “Bàbá, ṣé nǹkan wà níbẹ̀ ni? Ṣebí àrùn kan náà ni, ìyá kan náà ló sì bí wa.”

Mo dá ìyá lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ o, kí wọ́n má pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé yẹn nìkan ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú agbo ilé wa, bí wọ́n ṣe ń yá ara wọn ní ọlọ àti odó náà ni wọ́n ń yá ara wọn ní oògùn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa lónìí. Àlàyé náà sì máa gbé wa dé ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò rò pé ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ lè dé, ìyẹn orí ọ̀rá tó wà lára wa.

ÌNSÚLÍNÌ ÀTI ÒṢÓMÀÁLÓ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí oúnjẹ. Iyán tí a jẹ, ẹ̀bà tí a jẹ, búrẹ́dì àti mínírà, gbogbo rẹ̀ ló ń di súgà nínú ẹ̀jẹ̀. Súgà yìí kì í ṣe ọ̀tá wa. Òun ni ara fi ń ṣiṣẹ́ bí mọ́tò ṣe ń lo epo. Ṣùgbọ́n kò lè dá wọ inú ẹran ara bẹ́ẹ̀ yẹn. Ó fẹ́ ẹni tó máa bá a kan ilẹ̀kùn. Ẹni náà ni ìnsúlínì. Ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà lẹ́yìn ikùn, tí àwọn dókítà ń pè ní pancreas, ló ń rán an níṣẹ́.

Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà á tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwọn bàbá yín ló jẹ́ Òṣómàáló. Wọ́n á gbé aṣọ fún èèyàn láwìn. Tí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lọ ṣó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọ́n á ní àwọn ò ní dìde àfi báwọn bá gbowó àwọn. Bí ìnsúlínì ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó máa ń ṣó ti ẹnu ọ̀nà ẹran ara títí wọ́n á fi ṣílẹ̀kùn kí súgà wọlé.

Nínú àtọ̀gbẹ tó ń mú àgbàlagbà, èyí tí wọ́n ń pè ní oríṣi kejì, àwọn onílé ló di etí wọn. Ìnsúlínì ń kan ilẹ̀kùn, wọn ò dá a lóhùn. Ara á rán Òṣómàáló kejì, á rán ẹ̀kẹta, á rán ẹ̀kẹwàá. Súgà á kún ojú títì nínú ẹ̀jẹ̀. Tó bá pẹ́, ilé tó ń rán àwọn Òṣómàáló níṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Oríṣi kìn-ín-ní yàtọ̀, òun ló sábà máa ń mú ọmọdé àti ọ̀dọ́. Nínú tiyẹn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí Òṣómàáló rárá, abẹ́rẹ́ ìnsúlínì ni wọ́n sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Oríṣi kejì ni mò ń sọ lónìí.

Kí ló wá dé tí àwọn onílé fi di etí wọn? Ibẹ̀ ni ọ̀rá ti wọ ọ̀rọ̀.

ÀWỌN ÌRÁNṢẸ́ TÍ Ọ̀RÁ Ń RÁN

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn onímọ̀ ìṣègùn fúnra wọn gbà pé àká lásán ni ọ̀rá. Tí oúnjẹ bá pọ̀, kí ara kó o síbẹ̀. Tí ebi bá dé, kó lọ mú níbẹ̀. Àká ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní 1994, Jeffrey Friedman àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní New York rí i pé ọ̀rá máa ń rán ìránṣẹ́ jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní họ́móònù. Èyí tí wọ́n rí yìí, wọ́n sọ ọ́ ní leptin.

Akéde ni leptin. Ọpọlọ ló ń lọ bá, iṣẹ́ tó sì ń jẹ́ ni pé: “Oúnjẹ ti wà nílé o, ẹ rọra jẹun.” Bí ọ̀rá bá ṣe pọ̀ tó ni akéde yìí ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ lè wá bi mí pé, tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹni tó sanra kì í fi tètè yó? Ẹ wò ó báyìí. Bí akéde bá ń lu agogo láàárọ̀, tó ń lù ú lọ́sàn-án, tó tún ń lù ú lóru, lójoojúmọ́, tó bá yá, àwọn ará ìlú á máa bá oorun wọn lọ. Leptin pọ̀ lára ẹni tó sanra, ọpọlọ ló ti mọ́ lára tí kò gbọ́ ọ mọ́.

Ní 1995 ni wọ́n tún kéde òmíràn tí orúkọ rẹ̀ wá di adiponectin. Ìránṣẹ́ rere ni eléyìí. Ó máa ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀dọ̀ àti iṣan pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ìnsúlínì. Ó tún ń pẹ̀tù sí ìgbóná abẹ́lẹ̀ tó máa ń ba òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu nípa rẹ̀ ni pé ọ̀rá ló ń rán an, síbẹ̀ bí ọ̀rá bá ṣe ń pọ̀ sí i ni òun ń dín kù, pàápàá tó bá jẹ́ ọ̀rá inú ikùn. Àká tó kún àkúnya ti gbàgbé ìránṣẹ́ rere tó yẹ kó máa rán.

Ìkẹta ni resistin. Ní 2001 ni wọ́n ròyìn rẹ̀ láti yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Lára eku, ọ̀rá ló ń rán an, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa ta ko ìnsúlínì. Lára ọmọ èèyàn, inú àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà, àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀ wa, ló ti ń wá jù. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tó bá ti kún jù náà máa ń pe àwọn sójà yẹn wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Wọ́n á dó síbẹ̀, wọ́n á máa da nǹkan sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí àwọn onílé túbọ̀ di etí wọn.

Ẹ rí i báyìí pé ọ̀rọ̀ ò tán sórí kéèyàn sanra tàbí kó má sanra. Ibi tí ọ̀rá jókòó sí ṣe pàtàkì gan-an. Ọ̀rá abẹ́ awọ, ti ìdí àti itan, kì í dá wàhálà sílẹ̀ tó ti inú ikùn. Èyí tó rọ̀ mọ́ ìfun àti ẹ̀dọ̀ ló ń rán ìránṣẹ́ burúkú jù. Ikùn tí a máa ń kan sáárá sí, tí a ń pè ní ikùn olówó, ẹ máa fojú ṣọ́ ọ.

ÌGBÒ-ỌRÀ, JÀMÁÍKÀ ÀTI CHICAGO

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí. Wọ́n ti wọn leptin nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn wa. Ní nǹkan bí ọdún 1990 sí 1999, àwọn olùwádìí láti Ìbàdàn àti Chicago jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ọmọ Nàìjíríà kan tó ń jẹ́ Charles Rotimi wà nínú wọn, pẹ̀lú Richard Cooper àti Amy Luke. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ilẹ̀ Yorùbá lápá Ìgbò-Ọrà, wọ́n gba ti àwọn èèyàn dúdú ní Jàmáíkà, wọ́n sì gba ti àwọn èèyàn dúdú ní Maywood lẹ́bàá Chicago. Ìwádìí wọn lórí leptin jáde ní 1998. Leptin kéré jù lára àwọn tiwa nítorí pé ọ̀rá ara wọn ló kéré jù. Ó pọ̀ sí i ní Jàmáíkà, ó wá pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà. Ti obìnrin sì pọ̀ ju ti ọkùnrin lọ níbi gbogbo.

Ìwádìí mìíràn tí wọ́n gbé jáde ní 1997 wo àtọ̀gbẹ fúnra rẹ̀. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí èèyàn 2 nínú 100 ló ní in. Láàárín àwọn dúdú tó wà ní Amẹ́ríkà àti ìlú Ọba, ó tó nǹkan bí 11 nínú 100. Ọmọ baba kan náà ni gbogbo wa, wọ́n kó àwọn yẹn lẹ́rú kọjá òkun ni. Ẹ̀jẹ̀ ò yàtọ̀ púpọ̀. Oúnjẹ àti ìjókòó ló yàtọ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé àfọ̀ṣẹ ni àtọ̀gbẹ inú ẹbí òun, kó ro ọ̀rọ̀ yìí wò. Òótọ́ ni pé ó máa ń rìn nínú ẹbí, ṣùgbọ́n ìgbé ayé ló ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Ilẹ̀kùn náà sì ti ń ṣí fún un nílé. Ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládiípọ̀ Akinkugbe darí, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1997, rí i pé nǹkan bí 2.2 nínú 100 àgbàlagbà Nàìjíríà ló ní àtọ̀gbẹ. Ní 2018, àwọn dókítà kan kó ọ̀pọ̀ ìwádìí ilẹ̀ yìí jọ, wọ́n rí i pé ó ti sún mọ́ 6 nínú 100. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kà á kò bára mu tán, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀nà kọjú sí hàn kedere.

BÍ OÒGÙN KỌ̀Ọ̀KAN ṢE Ń BÁ Ọ̀RÁ SỌ̀RỌ̀

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká tú àpò oògùn sílẹ̀, ká wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Metformin ni àkọ́kọ́, òun náà ni wọ́n ń tà ní Glucophage. Ẹ̀yin oníṣègùn á fẹ́ràn ìtàn rẹ̀, torí ewé ni baba rẹ̀. Ewéko kan wà ní Yúróòpù tó ń jẹ́ galega, wọ́n ti ń lò ó fún àìsàn láti ayébáyé. Ewé yìí ní nǹkan kan tó ń fa súgà wálẹ̀, ṣùgbọ́n ó lágbára débi pé ó lè pa àgùntàn tó bá jẹ ẹ́ yó. Nínú ìmọ̀ tí wọ́n rí lára ewé yẹn ni wọ́n ti ṣe metformin, dókítà ará Faransé kan, Jean Sterne, ló sì kọ́kọ́ kọ̀wé nípa lílò rẹ̀ fún aláàtọ̀gbẹ ní 1957. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa: ewé tó ń wò ń pa pẹ̀lú, òṣùwọ̀n ló ya ìwòsàn sọ́tọ̀ kúrò lára ikú.

Iṣẹ́ metformin ni pé ó ń sọ fún ẹ̀dọ̀ kó dín súgà tó ń ṣe kù, nítorí ẹ̀dọ̀ máa ń ṣe súgà fúnra rẹ̀, àgàgà lóru. Kì í fipá lé Òṣómàáló síta. Nítorí náà, tó bá jẹ́ òun nìkan lèèyàn ń lò, ó ṣọ̀wọ́n kí súgà já wálẹ̀ jù. Kì í mú èèyàn sanra, ó máa ń dín ẹlòmíràn kù díẹ̀, leptin náà á sì dín kù bí ọ̀rá bá ti ń dín. Adiponectin ní tirẹ̀ kì í sábà yí padà púpọ̀ nípasẹ̀ rẹ̀. Ó lè da inú rú níbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ní ká lò ó pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ti ń ṣàárẹ̀ púpọ̀ kò gbọdọ̀ lò ó. Torí èyí ni dókítà fi máa ń ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ìkejì ni glibenclamide, èyí tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ sí Daonil, àti ìbátan rẹ̀ glimepiride. Àwọn wọ̀nyí ló ń lọ sílé àwọn Òṣómàáló, tí wọ́n ń lé wọn síta ní tipátipá. Ìnsúlínì á pọ̀, súgà á wọlé, ó sì ń ṣiṣẹ́ kíákíá. Ṣùgbọ́n ìnsúlínì náà ló ń pàṣẹ pé kí ara kó oúnjẹ pa mọ́ sínú àká. Nítorí náà ni ẹni tó ń lò ó fi sábà máa ń sanra díẹ̀. Leptin á bá ọ̀rá gòkè. Adiponectin kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àwọn ìwádìí kan rí i pé glimepiride gbé e sókè díẹ̀. Ewu ńlá tó wà nínú oògùn yìí ni pé kò bìkítà bóyá o ti jẹun tàbí o ò tíì jẹun. Mo ṣì ń bọ̀ wá sórí èyí.

Ìkẹta ni pioglitazone. Òun ló bá ọ̀rá sọ̀rọ̀ tààrà jù. Ó máa ń wọ inú ọ̀rá lọ, á lọ tan iná kan níbẹ̀ bí ìgbà téèyàn tẹ ṣíwíìṣì. Ọ̀rá á bẹ̀rẹ̀ sí í rán adiponectin jáde, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó lè di ìlọ́po méjì èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Á tún ṣí àká kéékèèké tuntun sábẹ́ awọ, ọ̀rá tó wà lára ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ síbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń lò ó lè tẹ̀wọ̀n sí i lórí òṣùwọ̀n, kí ìnsúlínì rẹ̀ sì máa ṣiṣẹ́ dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé ẹ wá rí i pé ìsanra kan yàtọ̀ sí ìkejì?

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sáré lọ sí kẹ́míìsì. Oògùn yìí máa ń dá omi dúró sára, ẹsẹ̀ lè wú, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára tó kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó lè mú kí egungun obìnrin tètè kán. Ní 2011, ilẹ̀ Faransé dá lílò rẹ̀ dúró, ilẹ̀ Jámánì sì ní kí àwọn dókítà má fún aláìsàn tuntun mọ́, nítorí ìbẹ̀rù jẹjẹrẹ inú àpò ìtọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde, troglitazone, wọ́n ti kó o kúrò lórí àtẹ ní Amẹ́ríkà láti 2000, torí ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé a lè gbé ìránṣẹ́ rere sókè, ká sì tún gbé wàhálà míì wọlé. Dókítà tó mọ ọkàn rẹ, egungun rẹ àti ẹ̀dọ̀ rẹ nìkan ló lè sọ bóyá ó bá ọ mu.

Àwọn tuntun tún wà. Dapagliflozin àti empagliflozin ń jẹ́ kí kíndìnrín tọ súgà dànù. Èèyàn máa ń fọn díẹ̀, leptin á dín kù, adiponectin á gòkè díẹ̀. Ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ máa mu omi dáadáa, kó sì mọ́ tónítóní nísàlẹ̀, torí ìtọ̀ tó ní súgà máa ń fa èéyún. Sitagliptin àti vildagliptin kì í fi bẹ́ẹ̀ fi kún ìwọ̀n ara, wọn kì í sì dín in kù. Owó àwọn tuntun yìí ga ju ti metformin lọ.

ÈSÌ FÚN ÌYÁ

Ìyá mi, ẹ ti wá rí ìdí tí ẹ̀yin fi ń sanra tí àbúrò yín kò sanra. Oògùn yín ń lé Òṣómàáló síta, tirẹ̀ ń bá ẹ̀dọ̀ wí. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí kíndìnrín yín má gba metformin. Ó sì ṣeé ṣe kí àbúrò yín, tí kò lo Daonil rí, gbé e mì láàárọ̀, kó wá sáré lọ sọ́jà láìjẹun, kó sì ṣubú lulẹ̀ ní ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ ìsanra yẹn lọ bá dókítà. Ẹ sọ fún un pé, “Dókítà, láti ìgbà tí mo ti ń lo eléyìí ni mo ti ń sanra, ṣé òmíràn wà?” Kò sí àfojúdi níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ní Wesley Guild ní Iléṣà tàbí ní ọsibítù yunifásítì Ọ̀ṣun tó wà ní Òṣogbo, ẹ ó rí dókítà tó máa dá yín lóhùn.

Ọ̀RỌ̀ MI SÍ ÀWA OLÓRÌṢÀ

Ọ̀rọ̀ yìí kan ojúbọ wa. Glibenclamide kò mọ̀ pé ọjọ́ ètùtù ni òní. Ẹni tó bá gbé e mì ní kùtùkùtù, tí kò sì jẹun títí ìrúbọ fi parí, tàbí tó fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú èrò láti ààfin dé Igbó Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ láìfi nǹkan kan sẹ́nu, súgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ pátápátá. Òógùn á bò ó, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ojú rẹ̀ á ṣú, á máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò yé èèyàn. Kí ni àwa tó dúró tì í máa sọ? A máa ní òrìṣà ti gùn ún. A ó máa kì í, a ó máa lu ìlù sí i, nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ ń bọ́.

Mo bọ̀wọ̀ fún gígùn òrìṣà. Ẹni tí òrìṣà ń gùn, àwọn àgbà ojúbọ mọ̀ ọ́n, wọ́n sì mọ àmì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tó sì ń gbọ̀n, súgà ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Tó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní ṣíbí súgà mẹ́ta sí mẹ́rin tí ẹ pò sínú omi, tàbí mínírà dídùn, tàbí oyin. Oyin kì í wọ́n lójúbọ Ọ̀ṣun. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15. Tí kò bá tíì yàtọ̀, ẹ tún fún un. Tí ojú rẹ̀ bá wálẹ̀, ẹ wá oúnjẹ gidi fún un. Tí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù wéré. Kí ọjọ́ ètùtù tó pé, kí ẹni tó ń lo irú oògùn yìí ti bi dókítà rẹ̀ bí òun ṣe máa lò ó lọ́jọ́ náà. Kí àwọn àgbà ojúbọ sì fún un láyè láti jẹun. Mi ò rí òrìṣà tó máa bínú sí ẹni tó jẹun kó má bàa kú.

Ẹ̀yin babaláwo àti oníṣègùn ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká máa bi aláìsàn léèrè ká tó gbé àgbo lé e lọ́wọ́: “Oògùn wo lò ń lò ní ọsibítù?” Wọ́n ti fi ewúro dán eku wò nílé ìwádìí, ó fa súgà wọn wálẹ̀. Tí ewúro tó le bá pàdé Daonil lára ẹnì kan ṣoṣo, Òṣómàáló á pọ̀ ju onígbèsè lọ. Ẹ má sì sọ fún aláìsàn kó da tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nù nítorí pé Ifá ti fọ ire. Bí Ifá bá fọ ire àìkú, ẹ jẹ́ kí metformin wà nínú ohun tí a fi ń gba ire náà.

OHUN TÍ A LÈ ṢE LÓNÌÍ

Ẹ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ àdúgbò, kó fi téèpù wọn ikùn yín lọ́gbọọgba ìdodo. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún àwa èèyàn dúdú ni íńṣì 37 fún ọkùnrin àti íńṣì 31 àbọ̀ fún obìnrin. Ẹni tó bá ti kọjá ibẹ̀, ọ̀rá inú ikùn ti ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò dáa, kó lọ yẹ súgà rẹ̀ wò bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ le koko.

Èyí tó dùn mọ́ mi nínú jù ni pé ọ̀rá máa ń gbọ́ràn. Ẹni tó wọn kílò 90, tó bá dín kílò 5 sí 9 kù, ìnsúlínì rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rí ilẹ̀kùn tó ṣí. Leptin á dín ariwo kù. Bí ọ̀rá bá sì ṣe ń lọ ni adiponectin á máa padà bọ̀. Kò sí ẹni tó ní kí Ìjẹ̀ṣà má jẹ iyán mọ́, mi ò fẹ́ kí wọ́n lé mi kúrò nílùú. Ẹ dín òkèlè kù, ẹ fi ẹ̀fọ́ kún ọbẹ̀, ẹ jẹun alẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú jù, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi tí ọ̀kadà ń gbé yín lọ. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ máa ń gba súgà wọlé láìdúró de Òṣómàáló.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ rí dókítà, ẹ kó gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń lò sínú ọ̀rá nílọ́ọ̀nù kan, tábúlẹ́ẹ̀tì, àgbo, ẹ̀kún ìgò tí wọ́n tà fún yín nínú mọ́tò, kí ẹ tú u sórí tábìlì níwájú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ tèmi náà, ẹ gbé nílọ́ọ̀nù kan náà dání. Èmi náà á wò ó kí n tó já ewé kankan.

Kí Ọ̀rúnmìlà fún wa ní ara líle. Kí ohun tí a jẹ má ṣe jẹ wá. Ó di oṣù mẹ́ta òní o. Àbọrú àbọyè.